Ẹ jọ lọ, ẹ jọ bọ̀, kí kálukú sá eré tirẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Iléṣà ni mò ń gbé, tíṣà ni mí. Àwa mẹ́rin tí a jọ jáde ní yunifásítì ní Ifẹ̀ ti pinnu láti lọ sá máratọ́ọ̀nù Èkó ní oṣù Kejì tó ń bọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ 10. Àwa mẹ́ta ti ń sáré láti oṣù Keje, a sì ti sá kìlómítà 18 lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ẹnì kẹrin wa ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kì í ráyè. Kìlómítà 7 ni èyí tó jìn jù tó tíì sá. A ti búra fún ara wa pé a ó jọ sá a, a ó sì jọ parí ẹ̀, torí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ètò wa ni pé ká gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ká sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìkẹjà, ká sáré láàárọ̀ Sátidé, ká sì padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà torí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú wa ní mọ́tò, òun ló máa wà á lọ, òun náà ló máa wà á bọ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin ọmọ Obòkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, inú mi sì dùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn eléré ní Ifẹ̀ níbí, bí àgbàlagbà bá ń sáré lójú títì láàárọ̀, àwọn èèyàn á máa bi í pé kí ló ń lé e. Lónìí, tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì ló ń múra eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Ó wù mí kí ẹ lọ, ó sì wù mí kí ẹ bọ̀ láìfara pa. Torí náà, ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni mo máa kọ́kọ́ sọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìbúra yẹn.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló bí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìyẹn. Ní ti ẹsẹ̀, oníkálukú ló ni tiẹ̀. Máratọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, ara kálukú sì ní bó ṣe ń náwó lójú ọ̀nà yẹn. Ṣúgà ni owó ọ̀hún, inú iṣan àti inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó o pamọ́ sí. Bí èèyàn bá tiẹ̀ jẹun kánú, èyí tó máa wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí kálórì 2,000 lọ. Eré sísá ń ná nǹkan bí kálórì kan lórí kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 70 máa ná nǹkan bí 2,950 kó tó dé òpin. Ọ̀rá ara ló máa ń bá wa san ìyókù, àmọ́ ọ̀rá kì í yára jó. Bí eré bá ti le ju agbára ẹni lọ, ara á pa ọ̀rá tì, á gbájú mọ́ ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ fi máa ń rí i, láàárín kìlómítà 30 sí 35, pé ẹsẹ̀ òun kò gbọ́ tòun mọ́. Orí ṣì fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́.

Bí ẹni tó lè lo wákàtí 4 ààbọ̀ bá wá ń dúró de ẹni tó máa lo wákàtí 6, wákàtí kan ààbọ̀ ló fi kún ìgbà tó máa wà lórí ìdúró nínú oòrùn Èkó. Bí ẹni wákàtí 6 bá sì ń fi agídí tẹ̀ lé ẹni wákàtí 4 ààbọ̀, ṣúgà rẹ̀ ti lè tán kó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà tàbí kó fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ìbúra kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì lára.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sá máratọ́ọ̀nù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Sábó la jọ lọ. A búra bíi tiyín. Mo lágbára jù ú lọ díẹ̀, òun náà mọ̀, ló bá ń tiraka bá mi lọ kí n má bàa dúró nítorí ẹ̀. Ní kìlómítà 31, pajápajá mú un. Ó jókòó sórí kọ̀ǹkéré etí títì, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń bá a fa ẹsẹ̀. Mò ń wo iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tó ń ta lábẹ́ awọ bí èkúté tó há sábẹ́ ẹní. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, á sá lọ sọ́hùn-ún. Ó ń sọ pé, "Máa lọ, máa lọ." Mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀. A wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú 25. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, orúnkún tèmi náà ti gan, ara mi ti tutù, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni mo gbé tí mo tún jókòó. Mọ́tò tó ń ṣa àwọn tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà ló kó àwa méjèèjì. Inú mọ́tò yẹn ló ti sọ fún mi pé, "Ká ní o lọ ni, ọ̀kan nínú wa ì bá ti gba mẹ́dàlì tí a máa jọ gbé délé." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi lórí pápá títí dòní.

Ẹ wo Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nílùú Vienna, ó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Wọn ò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé nítorí bí wọ́n ṣe ṣètò eré náà, àmọ́ ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé eléré 41 ló ń díwọ̀n eré fún un lójú ọ̀nà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó bá a sá gbogbo rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn: àwọn kan á sá ìwọ̀n tiwọn, wọ́n á yà, àwọn mìíràn á wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ fà sẹ́yìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ́ kí òun nìkan lọ. Irú ọ̀rẹ́ tí eré yìí ń fẹ́ nìyẹn.

Àdéhùn tí mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò ìbúra yín rèé. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ti ń sáré, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́ lórí eré ẹni tó falẹ̀ jù nínú yín. Ó máa ṣe àwọn tó yára láǹfààní pàápàá, torí ibẹ̀ gan-an ni ariwo èrò àti ìlù ti máa ń mú èèyàn sá eré àsápajúdé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú ká. Kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni, àfi tí ara ẹnì kan bá ṣàìdá lóòótọ́: bó bá ń sọ ìsọkúsọ, bó bá ń rìn bí ẹni tó mutí yó, bó bá ní àyà ń dun òun. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ gbé e síbòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ ké sí àwọn oníṣègùn ojú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pajápajá nìkan, ẹ kí i kú ìrọ́jú, kí ẹ máa lọ. Kí ẹ sì ti yan ibì kan pàtó tí ẹ ó ti pàdé lẹ́yìn òpin, torí fóònù máa ń kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń dí níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ẹ má fojú bu eré, ẹ gbé aago sọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ lo wákàtí 5 gbọ́dọ̀ máa lo ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni wákàtí 4 ààbọ̀, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ẹni wákàtí 6, ìṣẹ́jú 8 ààbọ̀. Bí ẹ bá lè máa tàkúrọ̀sọ láìmí hẹlẹhẹlẹ, eré yẹn bá yín mu. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu yín, ẹ ti kọjá àyè yín.

Ó wá kan ẹnì kẹrin yín, òun lọkàn mi fà sí jù. Kò gbọdọ̀ sá kìlómítà 42 ní oṣù Kejì yìí. Àwa kóòṣì máa ń kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá kún eré rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 7 lónìí, tó ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ọ̀sẹ̀ 7, ibi tó máa dé kò ju 13 tàbí 14 lọ, ọ̀sẹ̀ 3 tó sì kù, ìgbà tí èèyàn ń dín eré kù ni. Ohun tó máa tàn án jẹ ni pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè lágbára. Láàárín oṣù kan, mímí rẹ̀ á ti já gaara, á rò pé òun ti tó. Egungun àti okùn iṣan tó so mọ́ ọn kì í yára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀pọ̀ egungun ojúgun tí mo ti rí tó sán, ara ẹni tí mímí rẹ̀ ti dára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì múra ni mo ti rí i.

Ìdíje Èkó ní eré kìlómítà 10 lọ́tọ̀. Tiẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 10 tó o láti múra fún un dáadáa, á sì tún lágbára láti dúró dè yín níbi tí ẹ bá fi àdéhùn sí, pẹ̀lú omi, sálúbàtà àti aṣọ gbígbẹ. Ẹ jókòó bá a sọ ọ́, ẹ̀yin mẹ́rin péré, ẹ má sọ ọ́ lórí WhatsApp níbi tí gbogbo kíláàsì yín wà. Ó dá mi lójú pé ara á tù ú. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò tíì tó, tó sì ti búra, ẹ̀rù ló ń gbé sùn lálaalẹ́.

Ní ti ẹ̀yin mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 10 á tó, àmọ́ kò ní ṣẹ́ kù. Ẹ máa sá eré gígùn kan ní Sátidé kọ̀ọ̀kan: 20, 22, 24, kí ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 16 kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà 26, 28, 30. Ẹ má kọjá 30. Ìgbà yẹn ló máa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sá 20, ẹ sá 12, ó di Èkó. Láàárín ọ̀sẹ̀, eré kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta tó rọra ti tó. Àwọn kan gbà pé àfi káwọn kọ́kọ́ sá 42 nílé kọ́kàn àwọn tó balẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ló ti sá máratọ́ọ̀nù rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ló máa gbé dé Èkó.

Ẹ má sáré lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀. Láti Òṣú wá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ wọkọ̀ wá sí Ifẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 30 péré ni, kí ẹ wá sáré nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé Road 1 ní aago márùn-ún ààbọ̀ nínú ọyẹ́, ẹ ò ní rí ọ̀nà jìnnà. Ìró bàtà ẹni tó ń bọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Á yọ sí yín, á kí yín, á sì tún wọnú kùrukùru lọ. Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn púpọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó máa parí máratọ́ọ̀nù: ẹni tó lè sá eré jẹ́ẹ́jẹ́ láìsí ẹni tó ń wò ó ni.

Iléṣà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dára fún ẹsẹ̀, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ rọra sọ̀. Sísọ̀ ló ń fọ́ iṣan itan ju gígùn lọ. Èkó ní tirẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè níbẹ̀ àyàfi afárá. Ẹ má rò pé ìyẹn rọrùn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, iṣan kan náà ló ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán láìsí ẹni tó máa gbà á. Afárá Third Mainland, tí eré náà ń gbà kọjá, gùn ní nǹkan bí kìlómítà 11.8 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò sì sí igi kan tó máa ṣíji bo èèyàn níbẹ̀.

Ojú ọjọ́ tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ, kì í sì í sábà sí ẹni tó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa ará òkè. Inú ọyẹ́ lẹ máa ti múra, nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kíní. Nínú ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ bó ṣe ń jáde, gbígbẹ yẹn ló sì ń tu ara lára. Ọ̀tọ̀ ni ti Èkó. Atẹ́gùn òkun àti ọ̀sà kún fún omi, òógùn á kàn máa ṣàn sílẹ̀ láìgbẹ, ara á máa gbóná, ọkàn á sì máa lù kìkì. Ara lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara dà á, àmọ́ ó máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14. Torí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ kó eré kúkúrú yín kúrò ní ìdájí, ẹ máa sá a ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ti ṣíwọ́, nígbà tí oòrùn ṣì ń mú. Lọ́jọ́ eré gan-an, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan ju bí ẹ ṣe ń sá a nínú ọyẹ́. Tó bá ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ yín lẹ́yìn kìlómítà 35, ẹ ó rí àyè ná an.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìrìn àjò. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ kọ́, ẹ jọ̀wọ́. Láti Iléṣà dé Èkó lé ní kìlómítà 200. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí Èkó fún òpin ọ̀sẹ̀ lẹ máa bá pàdé ní Mowé àti Ìbàfò, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ibẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ sáré lọ́la. Ẹ á jókòó sójú kan títí ẹsẹ̀ á fi wú, ẹ á dé lóru, ẹ á jẹ ohunkóhun tí ẹ bá bá nílẹ̀, ẹ á sùn fún wákàtí mẹ́ta. Lọ́pọ̀ ìdíje ńlá, wọn kì í pín nọ́ńbà tí eléré ń lẹ̀ mọ́ àyà láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbà á ṣáájú. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín láti ìsinsìnyí. Ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀, tàbí kí ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ Jímọ́, ó pẹ́ tán. Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, torí oorun alẹ́ Jímọ́ kì í tó nǹkan. Ara á máa yá gágá, ojú ò ní fẹ́ pa dé.

Ìkẹjà kò burú láti sùn sí, àmọ́ Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀, Eko Atlantic ló sì parí sí, wọ́n á sì ti dí ọ̀pọ̀ títì pa. Ẹ jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá gbé mọ́tò yín lọ sí Sùúrùlérè, ta ló máa fi ẹsẹ̀ tó ti sá máratọ́ọ̀nù padà lọ gbé e? Ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Ti pé ọ̀rẹ́ yín máa wakọ̀ padà lọ́jọ́ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Lẹ́yìn wákàtí 5 lórí eré, itan kì í lè tẹ búrékì bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ lè gan lórí kílọ́ọ̀ṣì, oorun á sì máa gbé e láàárín Ògèrè sí Ìbàdàn. Ẹni tí kò sáré ni kó wakọ̀, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Ẹ sun Èkó mọ́jú Sọ́ńdè. Ṣọ́ọ̀ṣì wà l'Ékòó, Ọlọ́run kan náà ni. Ìtàn sọ pé Ajíbógun, baba ńlá yín, ló lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà, ibẹ̀ la sì ti rí orúkọ Obòkun. Etí òkun lẹ̀yin náà ń sáré lọ, torí orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun ni Eko Atlantic wà. Ká ní baba yín kò bọ̀ ni, omi yẹn ì bá má dé ojú ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ ńkọ́? Mi ò ní gba iyán lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Iyán dára, ìrẹsì dára, ẹ̀kọ dára. Gbogbo wọn ló ń di ṣúgà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ wọ́n dáadáa ní Ọjọ́bọ̀ àti ọ̀sán Jímọ́. Lálẹ́ Jímọ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ tó fúyẹ́, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́. Ẹ yẹra fún ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ọbẹ̀ olóròóró láti ọjọ́ yẹn. Inú tó bá ń kùn ní kìlómítà 15 kò ní jẹ́ kí ẹ dé 42. Láàárọ̀, tó bá ku wákàtí 2 ààbọ̀ sí 3, ẹ mu ògì tó ní ṣúgà tàbí kí ẹ jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nǹkan láti bí ìṣẹ́jú 45, kí ebi tó pa yín. Ara lè lo nǹkan bí gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà ní wákàtí kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní tó nǹkan bí 25. Dàbínù rọrùn láti kó sápò. Ohun yòówù kí ẹ mú, kí ẹ ti fi dánra wò nínú eré gígùn Sátidé. Ohun tí inú yín kò bá mọ̀, ẹ má gbà á lójú ọ̀nà, bó ti wù kí ẹni tó ń pín in rẹ́rìn-ín tó.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí ẹ mu omi gan-an. Ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín ni. Mo ti rí ẹni tó mu omi inú ọ̀rá ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pín in, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wú tí òrùka ò lè yọ, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Gbogbo wa rò pé omi ló kù díẹ̀ fún un, àṣé omi ló pọ̀ jù. Ó ti fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Ìyẹn ń pa èèyàn. Bí ẹ bá ń sá eré gígùn nílé, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi lítà kan, ṣíbí tó tẹ́jú o, kí ẹ máa mu ú díẹ̀díẹ̀.

Oògùn ara ríro, ẹ má lò ó kí ẹ tó sáré, ẹ má sì lò ó nígbà tí ẹ bá ń sáré lọ́wọ́. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, àsìkò tí òógùn ti gbẹ omi lára kọ́ ni kíndìnrín fẹ́ irú ìyẹn. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́sẹ̀ eré, kó má sá a. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ lórí èyí. Kí gbogbo yín sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí oṣù yìí tó parí, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì mọ jínótáìpù yín. Bí ẹnì kan bá jẹ́ AS, kó sọ fún dókítà, kó sì ṣọ́ra gidi fún oòrùn àti eré àsápajúdé.

Bàtà, ẹ má ra tuntun lọ. Ní Róòmù ní 1960, Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, rí i pé bàtà tí wọ́n fún un kò bá ẹsẹ̀ òun mu, ó bọ́ ọ, ó fẹsẹ̀ lásán sá máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì, ó sì gba góòlù. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán dánra wò tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà bàtà tó ti bá yín sá kìlómítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi Vaseline pa abẹ́ apá, itan, orí ọmú àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fojú kéré ti orí ọmú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ lára aṣọ funfun.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé òpin, ẹ má jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa rìn, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ, ẹ jẹun láàárín wákàtí kan. Ní Sọ́ńdè, bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ní kí dírẹ́bà dúró ní Ìbàdàn kí ẹ sọ̀kalẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ káàkiri dáadáa nínú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ tó sì ká kò. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó fi ẹ̀yìn sọ àtẹ̀gùn iléèwé kalẹ̀, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe yín. Ẹ má wọ bàtà eré títí di Jímọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde fún ìṣẹ́jú 20 péré, jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ jọ sá ìyẹn, kí ẹ sì jọ parí ẹ̀.